Kúpọ́ọ̀nù inú àpòòwé fún iṣẹ́ fífọ kápẹ́ẹ̀tì ní Houston: ṣé kí n tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan?

Káyọ̀dé Kápẹ́ẹ̀tì (Houston)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Fífọ kápẹ́ẹ̀tì àti àga tìmùtìmù ni iṣẹ́ mi, láti Alief títí dé Missouri City. Èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ la jọ ń lọ, ọkọ̀ kan, ẹ̀rọ kan. Àwọn ará ìjọ wa àti àwọn tí wọ́n júwe mi fún ló ń pè mí jù. Mo dúpẹ́, owó ń wọlé, àmọ́ agbo kan náà ni mò ń yí po. Mo fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ mí rí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí.

Ọkùnrin kan wá bá mi láti ilé iṣẹ́ kan tó ń kó kúpọ́ọ̀nù oríṣiríṣi, ìyẹn ìwé ẹ̀dínwó, sínú àpòòwé kan, tí wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sí ilé 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà. 480 dọ́là ló ní kí n máa san lóṣooṣù, kí n sì tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan. Ó ní bí mo bá ní oṣù kan péré ni mo fẹ́, owó rẹ̀ á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tí mo ní lọ́kàn láti kọ sórí kúpọ́ọ̀nù náà ni: yàrá mẹ́ta, 99 dọ́là. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ìwé ṣì ń mú owó wá láyé fóònù yìí? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa padà wá gbọ́ èsì.

Ìyá Ìbejì (Sugar Land)

Káyọ̀dé, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i.

Ìwé ṣì ń mú owó wá. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀, tó ti lé ní ogójì ọdún, ṣì máa ń dúró nídìí àpótí lẹ́tà yẹ ohun tó wà níbẹ̀ wò kó tó wọlé, irú wọn gan-an ló sì ń pe èèyàn wá tún ilé ṣe. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé tí mò ń ṣe, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó ń pè mí ti mọ̀ mí. Àmọ́ má tíì wo ilé 10,000 yẹn. Ṣírò tìrẹ ná.

99 dọ́là tó o fẹ́ gbà, èló ló máa ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́? Bí ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ bá ń gba 18 dọ́là ní wákàtí kan, tí iṣẹ́ náà àti ìrìn rẹ̀ gbà á ní wákàtí méjì, 36 ti lọ nìyẹn. Ọṣẹ àti epo ọkọ̀, jẹ́ ká pè é ní 13. Ó ku 50, o ò sì tíì san inṣọ́ránsì, o ò tíì fi kọ́bọ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa bàjẹ́. Wá fi 50 pín 480. Iṣẹ́ mẹ́wàá lóṣù kí owó ìpolówó tó padà wálé, láìsí èrè kankan fún ọ. Mẹ́wàá nínú 10,000 jẹ́ ẹnì kan nínú 1,000. Apá lè ká a. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ àpòòwé ni wàá ṣe mẹ́wàá yẹn fún.

Ohun tí wọ́n bá fi kún un nígbà tó o bá dé ilé wọn ni ká wò. Àtẹ̀gùn, àga pálọ̀, yàrá kẹrin. Bí ìpíndọ́gba iṣẹ́ kan bá di 150 dọ́là, tí nǹkan bíi 90 sì ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, iṣẹ́ mẹ́fà péré ló máa dá owó ìwé padà. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni ẹni tó bá tún pè ọ́. Ẹni tó ń pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sanwó láti rí i. Nítorí náà ìbéèrè mi sí ọ rèé: nínú àwọn tó o ṣiṣẹ́ fún lọ́dún tó kọjá, mélòó ló tún pè ọ́? Lọ wo ìwé rẹ kó o tó dá ọkùnrin yẹn lóhùn.

Títí M. (Atlanta)

Bọ̀dá Káyọ̀dé, mo ti ta ààyè inú irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ rí kí n tó bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn, mo mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀.

Òwò náà ti pẹ́. Valpak tó lókìkí jù nínú wọn, ọdún 1968 ni Terry Loebel dá a sílẹ̀ ní Clearwater, Florida, àpòòwé aláwọ̀ búlúù wọn ni ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ jù. Wọ́n a tiẹ̀ máa fi ìwé sọ̀wédowó 100 dọ́là sínú díẹ̀ nínú àpòòwé wọn, kí àwọn èèyàn lè máa ṣí i. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan máa ń tó ilé 10,000, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́ nọ́ńbà yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ ní kó kó àpòòwé oṣù mẹ́ta tó kọjá ní àgbègbè yín wá. Ẹ tú wọn sórí tábìlì. Ẹni tó wà nínú oṣù kìíní, tó tún wà nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ó ń rí nǹkan níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń fi owó tirẹ̀ ṣòfò léraléra. Ẹ kọ nọ́ńbà irú wọn sílẹ̀, ẹ pè wọ́n, onígọ́tà etí òrùlé, ẹni tó ń pa kòkòrò, ẹni tó ń gé koríko. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ yín yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù ń dún. Ọ̀pọ̀ wọn á sọ òótọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ pé ojú tuntun ni gbogbo wọn lóṣooṣù, ẹ̀yin náà ti rí ìdáhùn yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í bóyá afọkápẹ́ẹ̀tì mìíràn máa wà nínú àpòòwé kan náà. Bó bá ní rárá, kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ẹ bi í bóyá ẹ lè mú oṣù mẹ́rin tó wù yín nínú ọdún, bóyá ẹ lè pààrọ̀ àgbègbè, bóyá wọ́n á gba owó lọ́wọ́ yín tí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ orí kúpọ́ọ̀nù padà. Ibi tí wọ́n kọ bí èèyàn ṣe lè jáde nínú àdéhùn, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń béèrè pé kẹ́ ẹ kọ̀wé ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú, bẹ́ ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iye tó kọ́kọ́ dá lé e kọ́ ni iye tó máa kẹ́yìn. Ìparí oṣù ni agbára wọn máa ń rọ̀ jù, torí wọ́n ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà. Bí ẹ ṣe máa ná aṣọ ní Dùgbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ná an.

Káyọ̀dé Kápẹ́ẹ̀tì (Houston)

Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ ṣé, Sístà Títí. Mo lọ wo ìwé mi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló tún pè mí, mi ò mọ̀ pé wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé kí ni mo fẹ́ fi owó bẹ́ẹ̀ ṣe, pé kí n tẹ ìwé ìpolówó tèmi, kí n máa wakọ̀ lọ láàárọ̀ Sátidé, kí n máa jù ú sínú àpótí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn ò dára jù?

Ẹ̀gbọ́n Bowie (Maryland)

Káyọ̀dé, jọ̀ọ́, má dán an wò. Òótọ́ ni pé onílé ló ra àpótí yẹn, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ìpolówó tí wọn ò sanwó ìfìwéránṣẹ́ lé e lórí sínú rẹ̀. Owó ìtanràn wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ tó o kọ gàdàgbà sórí ìwé náà ni wọ́n á sì fi wá ọ kàn. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ lo fẹ́ fi pín in, ọwọ́ ìlẹ̀kùn ni kó o fi kọ́, kó o sì kọ́kọ́ mọ òfin àdúgbò náà. Àwọn àdúgbò tó ní ẹgbẹ́ onílé le lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó ò ń wá ni wọ́n ń pè ní EDDM, Every Door Direct Mail. USPS, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, fúnra wọn ló gbé e jáde ní 2011. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí káàdì náà. Gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà akólẹ́tà kan ló máa gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wàá lọ sórí ìkànnì wọn, wàá tẹ ZIP, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, tó o fẹ́, máàpù á yọ, wàá rí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan àti iye ilé tó wà níbẹ̀. Wàá tún rí ọjọ́ orí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti owó tó ń wọlé fún wọn ní ìpíndọ́gba. Ó kéré tán, 200 káàdì, kò sì gbọ́dọ̀ ju 5,000 lọ lóòjọ́ fún ZIP kan. O ò nílò ìwé àṣẹ ìfìwéránṣẹ́ kankan. Wàá dì wọ́n ní 50 sí 100, wàá fi ìwé tó ń sọ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń lọ sórí ìdì kọ̀ọ̀kan, wàá kó wọn lọ sí pósọ́fíìsì tó ń pín lẹ́tà àdúgbò yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni wàá ti sanwó.

Owó ìfìránṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tó 30 sẹ́ǹtì fún ọ̀kan. Tó o bá ro owó atẹ̀wé mọ́ ọn, ó lè lé ní 40 sẹ́ǹtì fún ilé kan. Nínú àpòòwé tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ilé kan kò tó 5 sẹ́ǹtì. O rí i pé EDDM wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àpòòwé, ìwọ àti oníbúrẹ́dì pẹ̀lú dókítà eyín lẹ jọ wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ju àpòòwé nù láìṣí i ti ju gbogbo yín nù. Káàdì ńlá kan ṣoṣo, ẹni tó máa jù ú nù pàápàá ti rí ojú rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Gọ́tà ni mò ń ṣe. Bí mo bá ṣiṣẹ́ ní ilé kan ní Bowie, ojú ọ̀nà akólẹ́tà tó gba iwájú ilé yẹn ni mò ń fi káàdì ránṣẹ́ sí, orúkọ àdúgbò wọn sì máa wà lókè káàdì náà. Wọ́n ti rí ọkọ̀ mi, wọ́n ti rí mi lórí àkàbà nílé aládùúgbò wọn. Bí ẹni mẹ́ta bá pè mí níbẹ̀, mo lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà láìtún wakọ̀ lọ síbòmíràn. Owó epo àti àkókò tí mò ń rí níbẹ̀ ju ohun tí mo san lé káàdì lọ. Ẹ̀yin tó ń ṣe àtúnṣe ilé ní Maryland, ẹ má gbàgbé pé nọ́ńbà MHIC yín, ìyẹn láísẹ́ǹsì àtúnṣe ilé ti ìpínlẹ̀ náà, gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ìpolówó yín.

Atẹ̀wé Dallas

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Tèmi ò pọ̀. Káàdì EDDM gbọ́dọ̀ gùn ju ínǹṣì 10.5 lọ tàbí kó ga ju ínǹṣì 6.125 lọ, ìdí nìyẹn tí 6.25 sí 9 fi wọ́pọ̀. Àwọn kan ń tẹ káàdì kékeré 4 sí 6 nítorí owó rẹ̀, wọ́n á kó o dé pósọ́fíìsì, wọ́n á sì dá wọn padà. Ẹ fi ẹ̀yìn káàdì sílẹ̀ láìdán, kí onílé lè fi bírò kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wá sórí rẹ̀, kó wá fi lẹ ara fìríìjì. Nọ́ńbà fóònù gbọ́dọ̀ tóbi tó pé ẹni tó ní awò lójú lè kà á láìgbé awò sójú. Lẹ́tà funfun lórí pupa dúdú, mo máa ń kọ̀ ọ́ fún oníbàárà mi bó ti wù kó fẹ́ ẹ tó.

Adé Katy

Ẹ máa bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Èmi ò san kọ́bọ̀ lórí ìwé rí. Google àti Nextdoor, ìkànnì àwọn aládùúgbò, ni mo fi ń rí iṣẹ́ gígé koríko, ọwọ́ mi sì kún. 480 dọ́là lóṣooṣù fún ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa jù sínú ìdọ̀tí? Kí Bọ̀dá Káyọ̀dé fi owó yẹn sórí Google.

Ìyá Ìbejì (Sugar Land)

Adé, iṣẹ́ tìẹ yàtọ̀. Koríko tó ti ga, onílé ń rí i láti ojú fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ á lọ wá ẹni tó máa gé e. Kápẹ́ẹ̀tì máa ń dọ̀tí díẹ̀díẹ̀, ojú onílé á sì ti mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ kó lọ máa wá afọkápẹ́ẹ̀tì lórí Google, àfi tí ajá bá tọ̀ sí i tàbí tí àlejò ń bọ̀. Ìwé ló ń rán an létí ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti wúlò ni pé ẹni tó gba kúpọ́ọ̀nù máa tẹ orúkọ yín sórí Google kó tó pè. Bí kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí tó rí ẹnì kan tó ráhùn tí ẹ kò sì dá a lóhùn, ìwé ti dòfo. Káyọ̀dé, kí ìwé tó jáde, pe àwọn tó ti pè ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tiwọn síbẹ̀. Ẹni tó ń pè ọ́ padà kò ní kọ̀ fún ọ.

Adé Katy

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ti kápẹ́ẹ̀tì, mà.

Ọmọ Abẹ́òkúta (Houston, amúlétutù)

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí 99 dọ́là yẹn, torí ibẹ̀ ni orúkọ èèyàn ti ń bàjẹ́.

Àwa tó ń ṣe amúlétutù ní Texas, a gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì TDLR, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì iṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìpolówó wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ afọkápẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yá ẹ̀rọ lè jáde. Nítorí náà, onílé tó rí kúpọ́ọ̀nù yín ti gbọ́ ìtàn ẹni tó dé pẹ̀lú 99, tó wo ilẹ̀ yíká, tó ní kápẹ́ẹ̀tì yín ti bàjẹ́ kọjá ti 99, ó di 350. FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní ìlànà tó dè é: èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi iye tí kò ní lọ́kàn láti tà polówó ọjà rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, obìnrin tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún á sọ fún gbogbo àdúgbò.

Torí náà, ẹ kọ ohun tí 99 rà sílẹ̀ kedere. Bí yàrá kan ṣe lè fẹ̀ tó: ẹ lè ní kó má ju ẹsẹ̀ bàtà 200 níbùú lóròó lọ. Pálọ̀ tó wọnú yàrá ìjẹun, ẹ kà á sí méjì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ iye àtẹ̀gùn sínú kúpọ́ọ̀nù náà gan-an, iye yàrá kẹrin, iye àga elẹ́ni mẹ́ta. Ẹni tó bá ti rí iye wọn lórí ìwé kì í bínú nígbà tẹ́ ẹ bá béèrè bóyá kẹ́ ẹ ṣe àtẹ̀gùn náà. Èyí ló máa gbé yín dé 150 tí Ìyá Ìbejì ń sọ, láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan á tún sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi fífọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ilé kún un, pé ó ń wo ikọ́ fée sàn. Ẹ má kọ irú ẹ̀. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, sọ ọ́ gbangba pé wọn ò tíì fi hàn rí pé ó ń dènà àìsàn.

Káyọ̀dé Kápẹ́ẹ̀tì (Houston)

Ẹ wo bí mo ṣe tún un kọ, ẹ bá mi gé e:

"Yàrá mẹ́ta, 99 dọ́là. Yàrá kan kò gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 200 níbùú lóròó. Yàrá mìíràn 30. Àtẹ̀gùn kan ní ilé, 45. Àga elẹ́ni mẹ́ta, 70. A ó sún àga kékeré fún yín láìgba owó, a kì í sún bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Oníbàárà tuntun nìkan. Ó parí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá. Fóònù wa rèé."

Títí M. (Atlanta)

Ó dára. Ẹ fi bí ó ṣe máa pẹ́ kó tó gbẹ kún un, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi yín lórí fóònù nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà méjì kékeré sí igun rẹ̀, ọ̀kan fún àpòòwé, òmíràn fún EDDM, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó mú ẹni wá. Tàbí kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà Google Voice kan fún ìwé náà nìkan, kó máa dún sórí fóònù yín. Ẹni tí kò bá ka iye ìpè, ẹni tó ń ta ìpolówó ló máa sọ fún un pé ó ń ṣiṣẹ́.

Káyọ̀dé Kápẹ́ẹ̀tì (Houston)

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Àwọn ará ìjọ mọ̀ mí. Ẹni tí kò mọ̀ mí rárá, tó bá gbé fóònù tó gbọ́ ohùn mi, mo ti rí àwọn tó sọ pé àwọn á pè mí padà tí wọn ò pè mọ́. Ẹnì kan ní kí n gba ọmọ Amẹ́ríkà kan kó máa dá wọn lóhùn, kí n sì yọ orúkọ mi kúrò lórí ìwé.

Ẹ̀gbọ́n Bowie (Maryland)

Má yọ orúkọ rẹ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ohùn wa kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀rù àlejò tí wọn ò mọ̀ ló ń ba onílé. Fi àwòrán rẹ sórí kúpọ́ọ̀nù, ìwọ àti ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó mọ́, níwájú ọkọ̀ yín. Kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀ bí bàbá rẹ ṣe sọ ọ́. Nígbà tí ohùn rẹ bá dún lórí fóònù, wọ́n ti rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì (Sugar Land)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé, Káyọ̀dé. Gbé fóònù kó tó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ iṣẹ́ rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ, wá sinmi díẹ̀. Má sáré. Bó bá ti sọ àdírẹ́sì rẹ̀, kà á padà fún un. Sọ wákàtí tó o máa dé, kó o sì fi àwòrán rẹ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ kó o tó kúrò nílé. Obìnrin tó dá wà nílé fẹ́ mọ ojú ẹni tó máa kanlẹ̀kùn.

Bí ọwọ́ rẹ bá wà nínú ẹ̀rọ tí o ò lè gbé e, kí ìyàwó rẹ bá ọ gbé e. Ẹni tó ní kúpọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, nọ́ńbà tó kàn ló ń tẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tí ìwé rẹ̀ dára, tí fóònù rẹ̀ ń dún, tí gbogbo owó náà sì ṣòfò torí pé kò sẹ́ni tó ń gbé e láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́rin.

Ọmọ Abẹ́òkúta (Houston, amúlétutù)

Ti ìgbà. Ní Houston níbí, oṣù kẹta ni ìyẹ̀fun òdòdó igi óàkì máa ń bo gbogbo nǹkan, àwọn èèyàn ń fi bàtà gbé e wọlé. Ìparí oṣù karùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ ń parí, àwọn èèyàn ń kó kúrò, wọ́n ń kó wọlé. Kí Thanksgiving tó dé ló dára jù fún kápẹ́ẹ̀tì, torí ẹbí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kí ìwé yín dé ilé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Oṣù kẹwàá ọdún tí ìbò bá wà, ẹ yẹra fún un, ìwé àwọn olóṣèlú á bo tiyín mọ́lẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì fi ojú yín rí àdúgbò kẹ́ ẹ tó mú un. Ilé àyágbé, onílé ló ń san owó kápẹ́ẹ̀tì, ayálégbé kò ní pè yín. Àwọn ilé tuntun tó wà lọ́nà Fulshear, igi àti táìlì ló pọ̀ nísàlẹ̀ wọn, kápẹ́ẹ̀tì kò kọjá yàrá òkè. Ilé tí wọ́n kọ́ láàárín 1980 sí 1999 lẹ̀ ń wá. Ẹ wakọ̀ yípo ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan.

Káyọ̀dé Kápẹ́ẹ̀tì (Houston)

Ọkùnrin náà ti wá, ó ti lọ. Mo ní kó kó àpòòwé àtẹ̀yìnwá wá, ó kó o wá. Onígọ́tà kan àti ẹni tó ń tún ìlẹ̀kùn gáréèjì ṣe wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo pe àwọn méjèèjì. Onígọ́tà ní àpòòwé ń ṣe é lóore bí òjò bá ti ń bọ̀, pé òun kì í san ti oṣù tí iṣẹ́ òun kò sí. Ìkejì kò fẹ́ sọ púpọ̀, ó ṣáà ní òun ṣì wà níbẹ̀.

A wá fẹnu kò sí oṣù mẹ́rin tó wù mí, 430 dọ́là lóṣù, kò sí afọkápẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó wà nínú ìwé. Mo máa fi EDDM ojú ọ̀nà méjì kan tì í ní Mission Bend, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìyá kan ní ìjọ wa, tí mò ń fọ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní 140, ń gbé lágbègbè tí àpòòwé máa dé. Bó bá mú kúpọ́ọ̀nù 99 wá ńkọ́? Ìwé ní oníbàárà tuntun nìkan.

Ìyá Ìbejì (Sugar Land)

Gbà á lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀yàyà. Àwọn ló gbé ọ dé ibi tó o wà. Kó o tó fi kúpọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí àjèjì, kọ́kọ́ fi káàdì ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ àtijọ́ lórúkọ wọn, pẹ̀lú sítáǹbù tó pé. Fi nǹkan tí àjèjì kò rí gbà sínú rẹ̀, bóyá àtẹ̀gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́ kó dé ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àpòòwé. Ìyá náà kò tún ní wá 99 kiri, á sì mú ti aládùúgbò rẹ̀ wá fún ọ.

Káyọ̀dé Kápẹ́ẹ̀tì (Houston)

Ẹ ṣé, mà. Atẹ̀wé Dallas, mo ti kọ̀wé sí yín lábẹ́lẹ̀. Káàdì 300 fún àwọn àtijọ́, 1,100 fún Mission Bend, ẹ̀yìn rẹ̀ láìdán.